Bí Mo Ṣe Wá Ògbifọ̀ Dé Igbó Àìdáhùn Nítorí Etí Ìbídùn

Òjò ló kó yín wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, èmi kọ́ ni mo ránṣẹ́ pè yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya ilé ọdẹ tí kò gbọ́ ìtàn, òun àti ẹni tó dé etí odò tí kò bu omi mu, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ sún mọ́ ara yín kí atẹ́gùn má baà fẹ́ òjò sí àwọn tó wà lẹ́yìn. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí n kò fẹ́ kí èèpo ẹ̀pà máa bá mi sọ̀rọ̀ pọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí èmi Ọdẹ́níran, ọmọ Akínlàjà, tí mo kojú ẹfọ̀n abiyamọ ní Òkè Arà tí n kò yẹsẹ̀, ṣe ń bá àpótí pẹlẹbẹ kan jà lójú gbogbo ayé. Òní ni n ó sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí inú kò bí yín bí ó ti bí mi, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìgbín ló wà lára yín.

Ẹ mọ Ìbídùn ìyàwó mi. Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí a ti fẹ́ra. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń jò lábẹ́ ìkòkò. Bí mo bá ní kí ó bá mi bu omi, iyọ̀ ni yóò gbé wá. Ọmọbìnrin wa, Ọdẹ́bùnmi, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, wá ra ẹ̀rọ etí méjì ránṣẹ́ sí i. Wọn kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Ọjọ́ tí Ìbídùn kọ́kọ́ kì wọ́n sétí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí adìẹ ṣe ń ha ilẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ohun tí a kàn ń kì sétí lásán. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a gbọ́dọ̀ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí áàpù tí wọ́n ṣe fún un bá a tún ohùn inú rẹ̀ tò. Ibí gan-an ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ fetí sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ìdílé méjì péré ni kí ẹ bá mi mú nínú wọn: ìdílé Wíńdóòsì àti ìdílé Máàkì. Èdè tí ọ̀kan ń sọ, èkejì kò gbọ́. Áàpù ẹ̀rọ etí ìyàwó mi, èdè Wíńdóòsì nìkan ló gbọ́. Kọ̀ǹpútà tí Ọdẹ́bùnmi sì fi ránṣẹ́ sí wa, Máàkì ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti lò tẹ́lẹ̀. Kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ ara wọn, ó fi áàpù mìíràn sáàárín wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògbifọ̀. Bí áàpù etí bá sọ̀rọ̀ Wíńdóòsì, Ògbifọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Máàkì. Bí Máàkì bá fèsì, Ògbifọ̀ á tún un sọ padà. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ yìí tí n kò kí i kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ń kí ògiri kú iṣẹ́ nítorí pé kò wó?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ síwájú mi pé: «Mo fẹ́ sọ ara mi dọ̀tun. Ṣé kí n ṣe é?» Ìbídùn ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bojú wò ó.

Ó ní, «Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́.»

Mo ní, «Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.»

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ṣú, ó ń kùn, ó ń kùn, láti ìgbà oúnjẹ àárọ̀ títí ewúrẹ́ fi wọlé. Nígbà tó tún lajú, ẹwà ti wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Àwòrán òkè tó wà lójú rẹ̀ ti di àwòrán adágún odò. Mo pe aládùúgbò méjì wá wò ó. Ẹ rí òmùgọ̀ ènìyàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tó àkókò láti tún ẹ̀rọ etí ṣe. Mo tẹ áàpù rẹ̀. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan bí tata, ó sì bọ́ sílẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: «Áàpù yìí kò lè ṣí.» Mo tún un tẹ̀. Ó tún fò. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń gún ata, áàpù ń fò, mo ń tẹ̀ ẹ́, títí ìka mi fi ń ro mí. Mo ti fi ìka yìí yin ìbọn lu ẹkùn, kò sì ro mí nígbà yẹn.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ etí tí kò rí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í han nínú etí Ìbídùn bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. Ó fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó yọ méjèèjì, ó fi áńkáṣífù wé wọn, ó sì tì wọ́n mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀. Kò pariwo. Gbogbo ohun tó sọ ni pé, «Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́.» Ì bá sàn kí ó fi ọmọ orógùn lé mi yí ilé ká.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti pa rọ́rọ́. Bí àwọn ènìyàn bá kí i lọ́nà, kò ní dáhùn, wọ́n á ní owó ọmọ rẹ̀ ló ń gùn ún. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́kadà kan fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbọ́. Ọlọ́kadà náà yà bàrà, ó kó sínú kòtò, ó dìde, ó sì bú u. Ìbídùn délé pẹ̀lú eruku lára ìró rẹ̀, ó jókòó, kò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́. Mo pe Ọdẹ́bùnmi lórí fóònù, ó kọ̀wé sí ẹni tó ṣe Ògbifọ̀, èsì kò dé.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ Mojírádé, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Kì í pọ́n ènìyàn. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, «Bàbá, kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ilé ni wọ́n tún kọ́, wọ́n wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ògbifọ̀ yín wà lóde, kò rí ọ̀nà wọlé.»

Mo ní, «Ṣí i fún un.»

«N kò lè ṣí i, sà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti kú níbí láti àná. Bó bá tilẹ̀ wà, ẹni tó ṣe Ògbifọ̀ ló mọ ohun tó yẹ.»

«Ṣé a kò lè gbé áàpù etí yìí sínú Wíńdóòsì rẹ?»

«Wọ́n ti dè é mọ́ kọ̀ǹpútà yín. Kò mọ ẹlòmíràn.»

Mo bi í pé níbo ni ẹni tó ṣe Ògbifọ̀ ń gbé. Ó wò mí bóyá mò ń ṣeré. Ó ní, «Wọ́n ní inú Igbó Àìdáhùn ni wọ́n wà. Ọmọ yín ti kọ̀wé sí wọn, àbí? Èmi náà ti kọ̀wé rí. Kò sẹ́ni tó ń rí èsì gbà níbẹ̀.»

Mo ní, «Ìwé lẹ kọ. Ẹ kò rán ọdẹ.»

Mo délé, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ti kọ̀ǹpútà bọ inú àpò ọdẹ. Ìbídùn di gààrí àti ẹran gbígbẹ fún mi. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ibi tí mò ń lọ. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì padà sí ẹ̀yìnkùlé. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ yé. Mo lọ.

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Mo ti rí méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú Igbó Àìdáhùn. Ewé ń mì níbẹ̀, kò dún. Ẹyẹ ń la ẹnu, orin kò jáde. Mo dúró, mo ki ara mi láti orí baba ńlá mi dé orí èmi fúnra mi, gbohùngbohùn kò dá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ bíi tèmi, ẹ lè mọ bí yóò ti rí lára rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sápá ibẹ̀ yẹn.

Mo rìn títí mo fi dé ẹnubodè kan. Iwin tó ń ṣọ́ ọ jókòó lórí àpótí. Ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí àwo, kò sí ẹyinjú níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ẹyinjú wà. Ó na ọwọ́ kan sí mi, ó fi wò mí.

Ó ní, «Ta ló mọ̀ ọ́?»

Mo ní, «Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ Akínlàjà, apẹfọ̀n bí ẹni pa eṣinṣin—»

Ó ní, «N kò bi ọ́ pé ta ni ọ́. Mo ní ta ló mọ̀ ọ́.»

«Gbogbo Òkè Arà ló mọ̀ mí.»

«Ta ló mọ Òkè Arà?»

«Ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ wọ́n.»

«Ta ló mọ ìjọba ìbílẹ̀?»

Bí a ti ń bá a lọ nìyẹn. Ẹni tí mo bá dárúkọ, á ní ta ló mọ̀ ọ́n. Mo dárúkọ ọba, mo dárúkọ bàbá tó bí ọba, mo dárúkọ òkè tí wọ́n tẹ ìlú dó sí. Nígbà tó sú mi, mo na ìbọn sí i, mo yìn ín. Iná tàn lẹ́nu ìbọn, kò dún. Ọta rọra jáde, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ó fi ọwọ́ kan wo ọta, ó fi ọwọ́ kejì wò mí.

Ó ní, «Ta ló mọ ìbọn?»

Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó síwájú rẹ̀. Èmi tí mo lè lúgọ de ìgalà láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ní ọjọ́ kẹta, kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi dáhùn, ìbínú ni. Mo ní, «Ìyàwó mi mọ̀ mí.»

«Ta ló mọ ìyàwó rẹ?»

«Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ta lo tún fẹ́ kó mọ̀ ọ́n?»

Iwin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dojú kọ ara wọn, wọ́n ń wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, «Ẹni méjì tó mọ ara wọn. Kò sí nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n ìwé mi kò sọ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.» Ó sún àpótí rẹ̀ sápá kan. Nígbà tí mo ń kọjá, ó fi kún un pé, «Ẹni tí ó bá tún fẹ́ wọlé lọ́jọ́ mìíràn, kó má dààmú débí. Inú ìyẹ̀wù kẹta lẹ́yìn ilé, nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní kékeré pé: Ṣí i bó ti wù kó rí. Tẹ ibẹ̀.»

Mo ní, «Kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà?»

Ó ní, «Ta ló máa dúró kí mi nígbà náà?»

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Ìlú tí mo wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Èmi-Náà. Àwọn ará ibẹ̀ lọ́yàyà, ẹ kò lè rí irú wọn. Kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ti yí mi ká, wọ́n ní kí n sọ ẹjọ́ mi. Mo sọ ọ́: mo ní kọ̀ǹpútà mi sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, áàpù Wíńdóòsì tí mo ní kò sì ṣí mọ́. Gbogbo ìlú dáhùn pọ̀ pé, «Èmi náà.»

Ayọ̀ kún mi. Mo ní, «Kí lẹ wá ṣe sí i?»

Bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kan ìdodo rẹ̀ wá síwájú, ó ní, «Ọdún kẹfà mi rèé níbí. Èmi náà.»

Wọ́n mú mi lọ sí ààrin ìlú. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ yí ògiri àtijọ́ kan ká. Ẹni kan tó ti kọjá níbẹ̀ rí kọ̀wé sára ògiri náà pé: «Mo ti rí i ṣe. Ẹ ṣeun.» Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń lọ kà á. Mo bi wọ́n pé báwo ni ẹni náà ṣe rí i ṣe. Wọ́n ní kò sọ. Mo ní níbo ló lọ. Wọ́n ní ó kàn lọ ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti bá òkú ọdẹ pàdé lójú ọ̀nà rí tí n kò bínú sí i, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi bá tẹ ẹni tó kọ ìwé yẹn, n ó kọ́ ọ bí a ti ń parí ọ̀rọ̀.

Wọ́n fún mi ní wàláà kan, wọ́n ní kí n kọ ẹjọ́ mi sí i kí n jókòó sídìí rẹ̀, èmi ni ẹni irínwó ó lé mẹ́tàlá. Ibùsùn wà, oúnjẹ wà, a ó sì jọ máa ráhùn. Kí n má purọ́ fún yín, ó wù mí díẹ̀. Ó rẹ̀ mí, ó sì dùn kí ènìyàn rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìyà. Ṣùgbọ́n mo rántí eruku tó wà lára ìró Ìbídùn. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà rí i pé mo ń gbé àpò mi. Ó ní, «Ọdẹ, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí o bá fẹ́ lọ lóòótọ́, tẹ̀lé Arulé. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń kọjá lẹ́yìn ìlú.»

Mo bi í pé kí ló dé tí òun kò tẹ̀lé e.

Ó ní, «Mo ti mọ́ ibí lára.»

Arulé ni iwin tó ń ru odidi ilé lórí. Fèrèsé ni gbogbo ara ilé náà, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, «Kí lo ń wá ògbifọ̀ kiri fún? Gbé odidi ilé Wíńdóòsì sínú Máàkì rẹ, kí áàpù rẹ máa gbé yàrá tirẹ̀, kó máa sọ èdè tirẹ̀. Ta ló tún nílò kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ fóun nínú ilé bàbá rẹ̀?»

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó já ilé kékeré kan lára tirẹ̀ bí ẹni já iṣu lára ebè, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú kọ̀ǹpútà mi. Mo dúpẹ́, mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo gbé ẹsẹ̀ kan. Kí n tó gbé èkejì, kọ̀ǹpútà ti gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ehoro. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, n kò tíì rìn tó ìdajì oko. Ẹ̀yìn mi tẹ̀. Nígbà tí mo rò pé ìyà ti parí, ilé tó wà nínú rẹ̀ la fèrèsé kan, ó ní, «Mo fẹ́ sọ ara mi dọ̀tun. Ṣé kí n ṣe é?»

Mo sọ ẹrù sílẹ̀, mo jókòó lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ni mo ti ń bá jà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti di méjì.

Arulé padà wá. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní, «Máàkì rẹ ti dàgbà. Ẹni tó ní alágbára ni ilé yìí ń bá mu.»

Mo ní, «Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀?»

Ó ní, «O kò bi mí.» Ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yọ ilé rẹ̀ padà, ó sì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí odò kan nísàlẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè. Ó ní níbẹ̀ ni Ògbifọ̀ wà.

Orí òkúta láàárín odò ni mo ti bá a. Mo ti rò pé n ó rí òmìrán. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Àwọn ará òdìkejì ọ̀tún ń ju ọ̀rọ̀ sí i, á gbà á, á fi ahọ́n kejì jù ú sí òsì. Ó rí mi, ó ní kí wọ́n dúró.

Ó ní, «Ọdẹ́níran. Mo mọ ilé rẹ. Ọdún méjì ni mo fi ń gbé ohùn kọjá fún ìyàwó rẹ.»

Bí ó ti mẹ́nu ba ìyàwó mi ni ohun tó wà nínú mi tú jáde. Mo sọ nípa tata tó ń fò, mo sọ nípa àṣá tó ń han nínú etí, mo sọ nípa ọ̀kadà. Mo ní òun ni ó fi wá sílẹ̀. Mo ní ìránṣẹ́ tó bá sá lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, ọ̀lẹ ni. Kò dá mi lẹ́nu. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, «Ọjọ́ tí ilé yín di ọ̀tun, èdè àwọn ará inú rẹ̀ yí padà. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, mo sì jáde lọ kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní Ògbifọ̀ ti kọ́ èdè tuntun, ṣé kí ó wọlé? Kí lo tẹ̀?»

Mo bojú wo omi odò.

«Ọdẹ́níran, kí lo tẹ̀?»

Mo ní, «Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ ‹Ó di ìgbà mìíràn› sí.»

«Ẹ̀ẹ̀melòó?»

«N kò kà á.»

Ó ní, «Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún.»

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn «bẹ́ẹ̀ ni» àkọ́kọ́ tó kó bá mi, mo ti búra pé n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ohunkóhun tó bá tún jáde lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá yọ, n kì í kà á, mo kàn ń lé e lọ ni. N kò sọ ìyẹn fún Ọdẹ́bùnmi, n kò sọ ọ́ fún Mojírádé. Mo rí i lójú ẹlòmíràn nínú yín pé ó fẹ́ pa òwe Sókótó. Ẹni tó bá pa á, inú òjò ni yóò ti parí rẹ̀.

Mo bẹ Ògbifọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú omi, èmi àti ìbọn àti àpò. Ó ní kí n dìde, pé òun kò bínú. Ó ní kí n padà sílé, bí òun bá tún kan ilẹ̀kùn, kí n jẹ́ kí òun wọlé. Ìgbà náà ló ní, «Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Nínú gbogbo ohùn tí mo ń gbé kọjá fún un, èwo lo rò pé ó fẹ́ràn jù?»

N kò tilẹ̀ rò ó. Mo ní, «Ohùn mi ni.»

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, «Ohùn tìrẹ ló máa ń ní kí wọ́n bá òun rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.»

Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán. Mo lè dúró.

Mo délé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. N kò bọ́ aṣọ, n kò jẹun. Mo gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, mo ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ ihò òkété. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yọ pé: «Ògbifọ̀ ti kọ́ èdè tuntun. Ṣé kí ó wọlé?» Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo wọ ìyẹ̀wù kìíní nínú kọ̀ǹpútà, mo wọ èkejì, mo wọ ẹ̀kẹta, mo wá ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ tí iwin ẹnubodè sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ áàpù etí. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi fò pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún fò. Ó rọra ṣí, bí ojú ẹni tó sùn pẹ́.

Ìbídùn ti dúró lẹ́yìn mi, n kò mọ ìgbà tó dé. Ó gbé áńkáṣífù wá. A so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ okùn, a tún ohùn tò, ó ń fi ìka júwe fún mi ibi tí ó fẹ́ kó dé. Ó kì wọ́n sétí. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí n ó sọ láti ìdí odò ibẹ̀: n ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iwin olójú-lọ́wọ́, n ó sì parí rẹ̀ síbi tí mo ti ṣẹ́gun. Mo la ẹnu.

Ìbídùn gbé ọwọ́ sókè. Ó ń gbọ́ nǹkan kan. Ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, «Kí ló ń dún yẹn?»

Mo ní, «Ewúrẹ́ ni.»

Ó ní, «Ewúrẹ́ kọ́.» Ó sún mọ́ mi, ó tẹ̀ ba, ó gbé etí lé àyà mi, bí kò ti ṣe rí láti ìgbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà.

«Bàbá Ọdẹ́bùnmi, àyà yín ni. Ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ti tó ìgbà wo?»

N kò mọ̀. Èmi tí mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ èsúró lórí ewé gbígbẹ, n kò gbọ́ àyà ara mi. Mo ní kò sí nǹkan kan, pé ìrìn ló fà á. Kò bá mi jiyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wọṣọ, ó gbé káàdì mi dání, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí mo fi tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní omi ti ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró mi, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Dókítà náà ní bí oṣù kan bá tún lé e ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí fún yín.

Oògùn mẹ́ta ni mò ń lò báyìí. Ara ń yá. Ṣùgbọ́n Ìbídùn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún dókítà nìkan. Ní àràárọ̀, kí n tó dìde lórí ẹní, á ki ẹ̀rọ méjèèjì sétí, á gbé orí lé àyà mi. N kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo máa ń dúró kí ó gbọ́ ọ tán.